Òwe Ni Ẹlẹ́rìí Ọ̀rọ̀: Bí Àwọn Ìwé Atúmọ̀ Èdè Àtijọ́ Ṣe Ń Fi Ìtumọ̀ Múlẹ̀

Bí a bá bi ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan ní Mowe tàbí ní Ibafo pé kí ni à ń pè ní pẹpẹ, ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́: ibi tí àlùfáà tàbí pásítọ̀ ń dúró sí níwájú ìjọ ni. Bí a bá tún bi í pé pẹpẹ wo ni ọwọ́ ọmọdé kò tó, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí, yóò dákẹ́. Ó mọ òwe náà o. Yóò tilẹ̀ bá wa parí rẹ̀ pé ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí kò mọ̀ ni pé pẹpẹ inú òwe àti pẹpẹ inú Bíbélì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ibi gíga tí a mọ tàbí tí a kàn sínú ilé, tí a ń gbé ẹrù lé, ni pẹpẹ. Láti inú ilé àwọn baba wa ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti mú ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì gbé e lọ sínú ìwé Ẹ́kísódù àti Léfítíkù.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí òwe náà ṣe ṣiṣẹ́. Kò sọ fún wa pé pẹpẹ ga. Ó kàn fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi akèrègbè sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè nítorí pé ẹnu rẹ̀ há. Nígbà náà, ohun tí ó dí ọwọ́ ọmọdé lọ́nà ni láti jẹ́ gíga. Ẹni tí kò rí pẹpẹ rí yóò mọ irú ohun tí ó jẹ́ bí ó bá ti gbọ́ òwe náà parí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí a kọ sí iwájú pẹpẹ nínú ìwé atúmọ̀ èdè kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè láyé àtijọ́ ń gbé lé àyọlò lọ́wọ́. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ìtumọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á mú gbólóhùn kan wá láti inú ìwé tàbí láti ẹnu àwọn àgbà, èyí tí ó fi hàn pé àwọn tí ó ni èdè lo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó kọ ìwé. Ẹ̀rí jẹ́ ti àwọn tí ó ni èdè. Ẹni tí ó kọ ìwé lè ṣìnà, ojú rẹ̀ lè má tó ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi ẹ̀rí sílẹ̀, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè yẹ ìtumọ̀ wò kí ó sì tún un ṣe. Ohun tí a fẹ́ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ Olúwa àti àwọn ará ìjọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju èyí lọ, nítorí pé Bíbélì tí a ń kà lórí àga ìwàásù wa ti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde.

Àṣà àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Àṣà náà ti pẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé èdè Lárúbáwá a máa fi ẹsẹ ewì àtijọ́ àti ẹsẹ Kùránì ti ìtumọ̀ lẹ́yìn, orúkọ tí wọ́n sì fún irú àyọlò bẹ́ẹ̀ ni «ẹlẹ́rìí». Ìwé ńlá tí a ń pè ní Lisān al-ʿArab, tí Ibn Manzur parí ní ọdún 1290, kún fún irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Ítálì, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Florence tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Crusca mú ìwé atúmọ̀ èdè wọn jáde ní 1612, Dante, Petrarca àti Boccaccio sì wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí jù lọ.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kàn wá jù, nítorí pé láti ibẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì ti wá. Ní 1755 ni Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní London. (Kí òǹkàwé má ṣe ṣi orúkọ gbé: èyí kì í ṣe Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá.) Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé ní 42,000, àyọlò inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 114,000. Ó yọ wọ́n láti inú Shakespeare, Milton, Dryden, Bíbélì, àti ìwàásù àwọn àlùfáà ńlá Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Johnson fẹ́ kí ẹni tí ó bá wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rí ẹ̀kọ́ ìwà-bí-Ọlọ́run pẹ̀lú. Nítorí èyí ni ó ṣe kọ̀ láti mú àyọlò láti inú ìwé Thomas Hobbes, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ rẹ̀. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́.

Lẹ́yìn Johnson ni ìwé atúmọ̀ èdè ti Oxford. Ní 1857 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè kan ní London bẹ̀rẹ̀ sí gbèrò rẹ̀. Ní 1884 ni ìpín kìíní jáde. Ní 1928 ni ó parí. James Murray, ẹni tí ó jẹ́ olóòtú rẹ̀ láti 1879 títí ó fi kú ní 1915, ké sí àwọn òǹkàwé káàkiri ayé pé kí wọ́n máa da gbólóhùn kọ sórí bébà pélébé, kí wọ́n kọ orúkọ ìwé àti ọdún rẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Àwọn olùkọ́, àlùfáà, ìyàwó ilé, kódà ẹlẹ́wọ̀n kan tí orí rẹ̀ dàrú, ni ó bá wọn ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wù wá láti rántí pé ọdún 1884 yìí kan náà ni odidi Bíbélì Yorùbá jáde.

Crowther àti òwe

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, níbo ni yóò ti rí Shakespeare Yorùbá? Kò sí ìwé tí a fi èdè wa kọ tí ó lè yọ nǹkan nínú rẹ̀. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1859. A ti kó Crowther lẹ́rú kúrò ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n ti gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, ó sì ti dàgbà ní Sàró láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó jọ láti ìlú oríṣìíríṣìí, tí oníkálukú ń sọ ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀ jáde ní London ní 1843, ọdún tí a fi í joyè àlùfáà, kò tóbi.

Ìgbà tí ó padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ojú rẹ̀ là sí ọ̀rọ̀. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó sì ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń fetí sí ẹjọ́, ó ń fetí sí ìkíni, ó ń kọ ohun tí ó gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé wíwá ìdí ọ̀rọ̀ kan a máa gbé òun lọ jìnnà sínú ìtàn àti àṣà àwọn Yorùbá. Ìwé tí ó tẹ̀ ní 1852 ni èso rẹ̀: gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ pọ̀. Nínú rẹ̀, lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, lẹ́yìn ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti ń rí gbólóhùn tàbí òwe Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀. Àìsí ìwé kò dá a dúró. Ó rí i pé lítíréṣọ̀ wà, pé ẹnu ni a fi ń pa á mọ́, ó sì fi òwe sí ipò tí Johnson fi Milton sí.

Bíṣọ́ọ̀bù Owen Emeric Vidal, bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti Sàró, ni ó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ fún ìwé náà. Ọ̀mọ̀wé èdè ni ọkùnrin yìí. (Òun kan náà ni ó bẹ àwọn ìjọ Èkó àti Abẹ́òkúta wò ní 1854, tí ó sì kú lórí omi nígbà tí ó ń padà lọ.) Òwe inú ìwé náà ni ó gbà á lọ́kàn jù. Ó ṣàkíyèsí pé òwe Yorùbá fẹ́ràn láti rìn ní méjì-méjì, kí apá kejì máa dá apá kìíní lóhùn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i nínú ewì àwọn Hébérù. Ẹni tí ó bá ń ka Sáàmù àti ìwé Òwe Sólómọ́nì mọ ohun tí ó ń wí. Pẹpẹ àti akèrègbè tí a ti mẹ́nu bà lókè jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ohun tí ó wúlò fún oníwàásù nìyí: bí apá kan òwe bá ṣókùnkùn, apá kejì ni a ó fi tan iná sí i.

Òmíràn tí a fẹ́ràn láti máa lò fún àwọn tí ń kọ́ ìwàásù ni èyí: abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn, bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Abẹ̀bẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ẹni tí ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kẹta ni èyí tí a fi ń fẹ́ ara wa nígbà tí oòrùn bá mú. Àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ṣùgbọ́n eré náà kọ́ wa ní nǹkan: iṣẹ́ alágbàwí ni láti dúró láàrin ènìyàn àti ohun tí ó fẹ́ pa á lára, títí ìbínú yóò fi rọlẹ̀. Ẹni tí yóò bá wàásù lórí alágbàwí inú Jòhánù kìíní orí kejì, ǹjẹ́ kò ti rí àpèjúwe? Bí ìwé atúmọ̀ èdè bá sì kọ abẹ̀bẹ̀ méjèèjì láìsí òwe yìí, yóò dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjì tí kò mọ ara wọn ni wọ́n.

A ní kí a padà sí ọ̀rọ̀ Johnson àti Hobbes. Johnson, ọmọ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, yọ ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrò nínú àwọn ẹlẹ́rìí. Crowther, tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì, tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ pe àwọn ènìyàn kúrò nídìí òrìṣà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òwe tí ó dárúkọ Ifá wà nínú ìwé rẹ̀; òwe tí ó dárúkọ òrìṣà àti eégún wà níbẹ̀. Àwọn kan lè rò pé àìbìkítà ni. Lójú tiwa, òótọ́ ọkàn ni. Ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a jẹ́rìí sí Kristi, ọ̀tọ̀ ni kí a jẹ́rìí sí èdè, àti pé ẹni tí ó bá pa ẹnu ẹlẹ́rìí dé nínú èkejì kò ní ran èkíní lọ́wọ́. Kódà Richard Burton, arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn míṣọ́nnárì rárá, inú ìwé Crowther ni ó lọ bu òwe Yorùbá sí nígbà tí ó ń ṣe ìwé rẹ̀ lórí ọgbọ́n àwọn ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èyí tí ó jáde ní 1865.

Ohun ìbànújẹ́ kan wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní 1862, iná jó ilé Crowther ní Èkó. Lára ohun tí ó bá iná lọ ni àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kọ láti ìgbà tí ìwé 1852 ti jáde, iṣẹ́ nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. Ó dun Crowther ju dúkìá rẹ̀ yòókù lọ. A lè tún ilé kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣòfò náà pàápàá, a lè tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó pa òwe kan ní Abẹ́òkúta ní 1853, tí ó sì ti lọ, kò sí ẹni tí yóò tún un pa fún ẹni tí ń kọ ọ́. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ìwé Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan: ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì ní láti tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù kí ó tó jáde ní 1921.

Láti Bowen dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ifo

Ní 1858, Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tirẹ̀ jáde lábẹ́ àṣẹ Smithsonian ní Washington. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti CMS tí ó jáde ní Èkó ní 1913, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jù, nítorí pé òun ni ó wà nínú àpótí ìwé àwọn baba wa. Ó wúlò; ó ṣeé gbé lọ́wọ́; kò sì sí olùkọ́ tàbí katikíìsì ayé ìgbà náà tí kò jẹ ẹ́ lóore. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Níbi púpọ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tàbí méjì ni a óò rí, kò sì sí ẹlẹ́rìí. Bí a bá fẹ́ ìwé kékeré tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ohun tí a kọ́kọ́ ń gé ni òwe.

Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn Bowen, ní 1958, ìwé méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni ti R. C. Abraham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí èdè Haúsá, Tiv àti Ìdọmà kí ó tó kan ti Yorùbá. Ìwé rẹ̀ tóbi, gbólóhùn àti òwe kún inú rẹ̀, ó sì ní àlàyé gígùn lórí òrìṣà, ogun, ewéko àti ẹyẹ, tòun ti àwòrán. Èkejì ni *Àtúmọ̀ Ede Yorùbá* tí Isaac Olúwọlé Delano ṣe, tí Oxford University Press tẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ifo, tiyín ni Delano. Ní 1904 ni a bí i ní Okenla, abúlé àwọn Onígbàgbọ́ tí ó wà ní agbègbè Ifo, tí ó ń jẹ́ orúkọ John Okenla, Balógun àwọn Onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá ní ayé ogun. Ó sìn gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti ní 1942, ó kọ ìtàn àròsọ *Aiyé d'Aiyé Òyìnbó* ní 1955. Ohun tí ó ṣe nínú *Àtúmọ̀* yàtọ̀ sí ti gbogbo àwọn tí a ti dárúkọ: ó fi èdè Yorùbá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ní láti gba ẹnu Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ní 1966 ni ó tún mú *Òwe l'Ẹṣin Ọ̀rọ̀* jáde, níbi tí ó ti kó òwe jọ, tí ó sì ṣàlàyé ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí a ń lò ó. Bí a bá fi ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó rí i pé Delano tún so ìtumọ̀ àti ẹlẹ́rìí pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn ọmọ tí ń gba Ifo kọjá lójoojúmọ́ kì í sábà gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí.

Ìwàásù àti ẹlẹ́rìí

Kí ni èyí kan àwa oníwàásù? Ẹ jẹ́ kí a mú oore-ọ̀fẹ́. Gbogbo wa ni a ń kí ara wa pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni oore, kí a tó fi ọ̀fẹ́ kún un? Òwe dáhùn: ẹni tí ó ṣoore tí ó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é rí ni. Àwọn àgbà ti rí i pé oore ènìyàn a máa ní okùn lẹ́sẹ̀. Olóore a máa dúró tì í, a máa wo ẹnu ẹni tí ó ṣe é fún. Ìgbà tí a bá ti gbọ́ èyí ni a ó mọ ohun tí ọ̀fẹ́ wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò ní ẹlẹ́rìí yìí lọ́wọ́ lè lo ọ̀rọ̀ náà fún ogójì ọdún láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó dì mọ́ra, àti pé èkejì ń tún èkíní ṣe.

Tàbí kí a mú ìlérí. Nínú Bíbélì, ohun tí Ọlọ́run sọ tí yóò sì mú ṣẹ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjà Ifo, bí obìnrin kan bá wí pé aládùúgbò òun ń lérí sí òun, kì í ṣe ìhìn rere ni ó ń sọ, ìhàlẹ̀ ni. Gbólóhùn ni ó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá kọ ìlérí sílẹ̀ láìfi gbólóhùn kankan tì í yóò ṣi àlejò lọ́nà, àwọn ọmọ wa tí ó dàgbà sínú Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń di àlejò nínú èdè yìí.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ìtàn wọn gùn ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àlùfáà, wòlíì, àdúrà: ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí Bíbélì tó gbà wọ́n. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Crowther gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì lò wọ́n.

Èyí tí ó le jù ni Èṣù. Bíbélì Yorùbá fi orúkọ yìí pe ọ̀tá ọkàn ènìyàn, àwọn ìwé atúmọ̀ èdè tí ó jáde láti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí a bá bi òwe àti oríkì tí àwọn àgbà ń pè, wọn yóò sọ fún wa nípa ìránṣẹ́ tí ń ṣọ́ oríta, tí ń gba ẹbọ, tí ó lè ṣe ènìyàn ní ibi tàbí ní ire. Èyí kì í ṣe Sátánì inú ìwé Jóòbù tàbí inú Ìhìn Rere. Àwọn kan ń pariwo lónìí pé kí a yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú Bíbélì. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu ìjọ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ nínú ìjọ, ìtumọ̀ náà sì ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀ nínú orin àti àdúrà wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lọ wàásù fún àwọn arúgbó ní abúlé, tí kò mọ̀ pé ohun tí òun ń pè ní Èṣù àti ohun tí wọ́n ń gbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, yóò rò pé wọ́n ń ta ko Ìhìn Rere nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni kò yé ara wọn. Ẹlẹ́rìí ni ó jẹ́ kí a mọ ibi tí ìtumọ̀ ti yà. Bí àwọn tí ó ṣe ìwé bá ti fi ìtumọ̀ nìkan sílẹ̀ fún wa, a kì bá tí mọ̀.

Ohun tí ó wà ní ìtòsí wa

Láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, oko ti ń di ilé ní Mowe àti Ibafo. Àwọn tí ó ń kún inú ìjọ wa níbẹ̀ wá láti ibi gbogbo, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ fi ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Ní ìhà Ifo, a ṣì ń rí àwọn àgbà Ẹ̀gbá àti Àwórì tí ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ẹjọ́ pé lẹ́nu wọn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní pẹpẹ kí ó tó di ti ilé ìjọsìn wà láàrin wọn. Bí ẹgbẹ́ Bíbélì kan bá fẹ́ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà tí Murray fi kọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ kò le: ọ̀rọ̀ kan lórí bébà kan, odidi gbólóhùn gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́ ọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti rò pé ó yẹ kí ó rí, ẹni tí ó sọ ọ́, ìlú rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ìtumọ̀ lè dúró di ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe tún ẹ̀ka èdè àgbàlagbà ṣe sí Yorùbá ìwé.

Fún àwọn tí ó fẹ́ ka àwọn ìwé àtijọ́ fúnra wọn: ìwé Crowther ti 1852 àti ti Bowen ti kúrò lábẹ́ àṣẹ-lórí-ìwé, a sì lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òǹkàwé yóò bá ìkọ̀wé àtijọ́ pàdé, nítorí pé àkọtọ́ tí a ń lò lónìí kò fìdí múlẹ̀ títí di 1974. Ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣ nínú ìwé CMS, kí ó wò ó lábẹ́ sh pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí ó ti sún mọ́ra lẹ́nu, ẹ tú u kí ẹ tó wá a: ṣoore wà lábẹ́ ṣe àti oore, lóṣòó wà lábẹ́ òṣòó. Bí ẹ kò bá sì rí òwe tí ẹ ń wá lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ rò, ẹ wo abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tí ó wà nínú òwe náà, nítorí pé òwe kan ṣoṣo lè jẹ́rìí fún ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Òwe pẹpẹ lè wà lábẹ́ akèrègbè.